Bébà Abẹ́ Búláńkẹ́ẹ̀tì

Alágbàfọ̀ ni bàbá mi. Wọn ò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí. Ṣọ́ọ̀bù wa jẹ́ yàrá kan tó kọjú sí títì. Tábìlì gígùn ló gba ibẹ̀ tán. Wọ́n tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì sórí rẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé búláńkẹ́ẹ̀tì lórí. Okùn tí a ń sá aṣọ sí wà lẹ́yìnkùlé. Áyọ́ọ̀nù eléèédú méjì wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí a ra èyí tó ń lo iná mànàmáná, bàbá mi ò jẹ́ kí a ju ti èédú nù. Wọ́n ní iná mànàmáná a máa lọ láìdágbére, èédú kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníbàárà ń pè wọ́n ní Ó-Kù-Díẹ̀. Bí o bá wá gba aṣọ rẹ, ohun tí wàá gbọ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Bí wọ́n bá lọ ṣẹ́ẹ̀tì tán, tí wọ́n wá rí àbàwọ́n kékeré kan lábíyá, inú omi ló ń padà sí. Ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀tì lè má mọ̀ pé àbàwọ́n kankan wà níbẹ̀. Bàbá mi ti mọ̀. Ó tán.

Màmá mi ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Kí àwọn méjèèjì tó fẹ́ra, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ni màmá mi wà. Ìtàn kan wà tí wọn kì í yé sọ níwájú ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù.

"Mo fi ọwọ́ ara mi rán gáùn náà," màmá mi á wí. "Funfun báláú. Mo rán òdòdó aláṣọ kan sí èjìká rẹ̀, ó tóbi bí àwo. Ọ̀gá mi ní ó ti tóbi jù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Ọjọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́. Mo gbé e fún ọ̀gbẹ́ni yìí pé kó bá mi lọ̀ ọ́. Ó ní kí oòrùn tó mú, òun á gbé e dé. Ẹ bi í léèrè ìgbà tó dé."

Bàbá mi ò ní gbójú sókè lórí aṣọ. "Ọlọ́pàá dí ọ̀nà."

"Wọ́n ti gé kéèkì tán kó tó dé. Aṣọ tí mo fi ń gbálẹ̀ ni mo wọ̀ dúró lẹ́yìn ìyàwó."

"Ọlọ́pàá dí ọ̀nà. Ẹlẹ́rìí mi wà."

"Níbo ló wà?"

"Ó rìnrìn àjò."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi á ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún." Bàbá mi á bá wọn parí rẹ̀: "Ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a." Ó di orin. Bí aṣọ bá ti pẹ́ díẹ̀, oníbàárà fúnra rẹ̀ á béèrè pé, "Ó-Kù-Díẹ̀, ṣé ọlọ́pàá tún dí ọ̀nà ni?"

Nǹkan kan tún wà tí mo rò pé àṣà lásán ni. Ìwé ìròyìn àtijọ́ la fi ń di aṣọ tí a bá ti lọ̀ tán. Ìdì ńláńlá la ń rà á. Kí bàbá mi tó fi ewé kan di aṣọ, wọ́n á ṣí i, wọ́n á wo iwájú, wọ́n á yí i padà, wọ́n á wo ẹ̀yìn. Mo rò pé ìdọ̀tí ni wọ́n ń wá.

Orí àga wọn ni wọ́n kú sí, nínú ṣọ́ọ̀bù, ní àárọ̀, ṣòkòtò oníṣòkòtò lórí itan wọn. Mo ń fẹ́ná èédú lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, áyọ́ọ̀nù ti gbóná." Wọn ò dáhùn. Mo tún un sọ.

Mi ò fẹ́ sọ ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń wá kí wa, bàbá kékeré, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ dírẹ́bà, ní kí a gbé àwòrán wọn sórí tábìlì. Ọ̀kan ṣoṣo la ní, èyí tó wà lára káàdì ìdánimọ̀. Ikọ́ ti ń bá wọn jà nígbà tí wọ́n yà á. Ojú wọn dà bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Bàbá kékeré wò ó, wọ́n mi orí. "Ṣé kò sí èyí tí wọ́n yà nígbà ọ̀dọ́ ni? Bùrọ̀dá mi rẹwà o. Kí àwọn èèyàn má lọ rò pé báyìí ni wọ́n ṣe rí."

Màmá mi dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n jókòó sétí ibùsùn.

"Ó wà," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo sọ ọ́ nù."

Mo ti ilẹ̀kùn.

"Mi ò tíì pẹ́ nílé bàbá rẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọwọ́ iṣẹ́ wọn ni. Bàbá rẹ gbé aṣọ lọ fún ẹnì kan. Oníbàárà kan wọlé, ara rẹ̀ ò balẹ̀, ó ń kó kúrò nílùú, mọ́tò ń dúró dè é. Bébà ti tán. Mo gbé etí búláńkẹ́ẹ̀tì sókè, mo bá bébà kan lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó mọ́. Mo ní orí ló ṣe é. Mo fi di kóòtù ọkùnrin náà, ó gbé e, ó lọ."

"Ṣé ẹ ò wo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo rí. Wọ́n ń polówó rẹ̀. Obìnrin kan jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ yẹn wù mí ju oúnjẹ lọ nígbà náà. Mo jẹ́ kó hàn síta kí ìdì náà lè dùn ún wò. Mi ò wo inú."

Wọ́n ní nígbà tí bàbá mi dé, wọ́n béèrè bébà abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Màmá mi sọ bó ṣe jẹ́. Bàbá mi sáré lọ sí ibùdókọ̀. Ọkọ̀ ti lọ. Wọ́n padà dé, wọ́n bu omi mu, wọ́n ní kò burú, bébà ṣá ni.

"Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló wá sọ fún mi pé àwòrán ọkọ mi ló wà nínú bébà yẹn, pé òun fojú òun rí i. Mo bi bàbá rẹ. Ó ní, 'Àwòrán lásán ni. Bu oúnjẹ wá.' Títí ó fi kú, kò sọ ohun tó ń ṣe nínú àwòrán náà fún mi."

Wọ́n fi etí aṣọ nu ojú.

"Ṣé o máa ń rí i bó ṣe ń yẹ bébà wò kó tó fi di aṣọ? Ọ̀kan yẹn ló ń wá. Bó bá ti ṣí bébà báyìí, àyà mi á já. Ní gbogbo ọdún tí a fi jọ wà."

Mo jókòó tì wọ́n. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ láti ìgbà náà lọ. Mo fẹ́ bá màmá mi rí bébà yẹn.

Ẹni tó la ọ̀nà fún mi ni oníbàárà wa kan tí à ń pè ní Bàbá Sítáàṣì. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n fẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀tì wọn le bíi pákó. Wọn kì í gba aṣọ láì fi àtàǹpàkò tẹ kọ́là rẹ̀ kí wọ́n sì wí pé, "Sítáàṣì èyí ò tó." Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá lẹ́yìn ikú bàbá mi, wọ́n tẹ kọ́là, wọ́n sì dákẹ́. Mo mọ̀ pé ikú náà dùn wọ́n.

Mo sọ ọ̀rọ̀ bébà fún wọn.

"Ilé ìkàwé," ni wọ́n wí. "Wọ́n kó ìwé ìròyìn àtijọ́ pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n ti ya àwòrán wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, tó ní káàdì, nìkan ló lè ṣí i."

"Bàbá, mi ò kàwé jìnnà o."

"Ṣé wọ́n ní kí o wá ṣe tísà wọn ni? Ojú lo máa fi wò ó. Ṣé o ní ojú?"

"Mo ní in."

"Ó parí."

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe onídùúró fún mi. Wọ́n ní àwọn á ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi lọ, ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ ni wọ́n wọ̀. Ó ń dún bí wọ́n ṣe ń rìn.

Ọmọbìnrin kan tí ọjọ́ orí wa jọ ń lọ bákan náà ló wà nídìí tábìlì. Ó wọ súwẹ́tà, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ta níta. Ìgbà tí òtútù ibẹ̀ gbá mi lójú ni mo mọ ìdí. Lọ́kàn mi, mo sọ ọ́ ní Sìsí Súwẹ́tà. Ìwé tò láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Mò ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn bí olè.

Ó wo fọ́ọ̀mù mi. "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Alágbàfọ̀."

"Irú ìwé wo lẹ fẹ́ máa kà?"

"Mi ò wá kàwé. Bàbá mi ni mò ń wá."

Ó gbójú sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá bàbá kan sọnù síbẹ̀. Bàbá Sítáàṣì ní, "Bàbá rẹ̀ ti di olóògbé, ọmọ mi. Inú ìwé ìròyìn ló ti fẹ́ wá wọn. Bá wa fi sùúrù ṣe é."

Ó fi sùúrù ṣe é. Ó fún mi ní káàdì tí ojú mi wà lára rẹ̀. Ó kọ́ mi bí n ó ṣe tẹ nọ́ńbà ara káàdì náà, bí n ó ṣe mú ọdún, bí ojú ewé á ṣe máa yọ níkọ̀ọ̀kan. Mo mọ ọdún tí bàbá àti màmá mi fẹ́ra. Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń lọ sẹ́yìn.

Bí mo bá ti parí iṣẹ́ àárọ̀, màmá mi á gba tábìlì lọ́wọ́ mi, èmi á lọ. Mi ò ka ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń wá, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwòrán bàbá mi máa wà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Mo ṣí ojú ewé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Mo tẹ̀síwájú. Obìnrin náà tún yọ, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yẹn ò fi ìpolówó ṣeré rárá. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Mo wá kórìíra eyín obìnrin náà.

Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń yẹ̀ wò. Mo rí ọkùnrin kan tó gbé ẹja ńlá dání. Mo rí àwọn ọmọ ilé ìwé tó gba ife. Mo rí ìyàwó tuntun kan tí inú rẹ̀ ò dùn. Wọ́n ti darúgbó báyìí, tàbí wọ́n ti kú. Mo ń bi ara mi bóyá ọmọ wọn ń wá wọn.

Bí mo bá délé, màmá mi á béèrè. "Ṣé o rí i?"

"Ó kù díẹ̀."

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dáhùn bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì wo ara wa. Lẹ́yìn náà màmá mi kọjú sí aṣọ, wọ́n ń lọ ibì kan tí wọ́n ti lọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo wo ọdún tí wọ́n fẹ́ra àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ tán. Bàbá mi ò sí níbẹ̀. Sìsí Súwẹ́tà ní, "Bóyá ìwé ìròyìn mìíràn ni. Ó tún lè jẹ́ pé màmá yín gbàgbé ohun tí wọ́n rí." Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Mo padà sídìí iṣẹ́. Kóòtù kan wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ dì í. Mo fa bébà kan yọ, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo yẹ̀ ẹ́ wò bíi ti bàbá mi. Iwájú. Ẹ̀yìn. Ọwọ́ mi dúró.

Ewé ìwé ìròyìn kan kì í ṣe ojú méjì. Mẹ́rin ni. Bí o bá ṣí i tẹ́ sílẹ̀, ojú méjì á kọjú sókè, méjì á dojú dé tábìlì. Nínú kọ̀ǹpútà, ìkẹta ló ń yọ, lẹ́yìn rẹ̀ ìkẹrin, lẹ́yìn rẹ̀ ìkarùn-ún. Ṣùgbọ́n lórí tábìlì wa, ẹ̀gbẹ́ ìkẹrin ni ìkẹtàlá wà, torí wọ́n ti ṣẹ́ bébà náà po ní àárín, apá kan rẹ̀ bọ́ sí ìdí ìwé. Ojú kan ṣoṣo ni mo ti ń wò, èyí tó wà lẹ́yìn obìnrin náà gan-an. Méjì yòókù wà níbi tí mi ò dé.

"Màmá, kóòtù tí ẹ dì lọ́jọ́ yẹn, ṣé odindi ewé lẹ lò ni, àbí ẹ fà á ya sí méjì?"

"Kóòtù? Ta ló ń fi ààbọ̀ ewé di kóòtù? Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

Mo fi kóòtù náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo mú káàdì mi.

Sìsí Súwẹ́tà ò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Mo mú ìwé ìròyìn tuntun kan lórí tábìlì rẹ̀, mo tú u, mo tẹ́ ewé kan síwájú rẹ̀. Ó ka nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀. "Kẹrin. Kẹtàlá." Ó yí i padà. "Kẹta. Kẹrìnlá." Ó rẹ́rìn-ín. "Láti kékeré ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn, mi ò ṣàkíyèsí èyí rí."

"Ẹ ò tíì fi di kóòtù rí ni."

Ó fa àga tì mí. A tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Bí obìnrin ẹ̀rọ bá ti yọ, a ó fò lọ sí apá ìparí ìwé. A fò, a fò. Ìgbà tó yá, ó ń fi ẹnu ka nọ́ńbà, èmi ń fi ojú wò.

Ojú ewé kẹrìnlá kan ni. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mo wà níbẹ̀. Ọrùn tín-ín-rín. Etí tó yọ síta. Bàbá mi ni, láìní irùngbọ̀n. Èrò pọ̀ rẹpẹtẹ lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta dí títì. Ọlọ́pàá kan na ọwọ́ kí ẹnikẹ́ni má kọjá. Iwájú ni gbogbo èèyàn ń wò. Bàbá mi nìkan ló ń wo òkè, nítorí pé wọ́n na apá, wọ́n gbé aṣọ funfun kan lórí háńgà ga ju orí gbogbo èèyàn lọ, kí ọwọ́ èrò má bàa kàn án.

Sìsí Súwẹ́tà ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún mi. "Èrò tó dúró láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, nígbà tí ọlọ́pàá dí ọ̀nà nítorí ayẹyẹ ṣíṣí afárá tuntun." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọn ò kọ orúkọ wọn."

Mo ti ń rò pé bàbá mi gba ife ni, tàbí pé wọ́n yọ ẹnì kan nínú omi. Kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Wọ́n ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà ni.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ibi ọlọ́pàá kà."

Ó tún un kà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà fún mi.

Màmá mi ń wọ́n omi sí aṣọ nígbà tí mo wọlé. Mo tẹ́ bébà náà síwájú wọn. Wọ́n nu ọwọ́ wọn gbẹ. Wọ́n wo ojú bàbá mi, ó pẹ́. Wọ́n fi ìka kan kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Wo bó ṣe gbẹ. Mo ti gbàgbé pé ó gbẹ tó báyìí."

Ìka wọn gun apá bàbá mi lọ sókè, títí dé ibi háńgà. Ó dúró síbẹ̀.

"Òdòdó mi nìyí."

"Mà?"

"Òdòdó èjìká yìí. Èmi ni mo rán an. Gáùn mi nìyí."

Mo ka ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán fún wọn, díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tí mo dé ibi ọlọ́pàá, màmá mi gbé ọwọ́ lérí.

"Ọlọ́pàá dí ọ̀nà," ni wọ́n wí.

"Wọ́n dí i, màmá."

"Mo sọ ọ́ di òpùrọ́ níwájú gbogbo ayé."

"Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí i."

"Ẹlẹ́rìí rẹ̀ rìnrìn àjò." Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ó yà sí ẹkún. Mo fà wọ́n mọ́ra títí ó fi rọlẹ̀. "Bí irọ́ bá lọ," wọ́n wí, wọn ò sì parí rẹ̀.

Wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ bébà náà dáadáa. "Ó yẹ kó sọ fún mi. Ẹ̀rí ló fi pamọ́ sábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ ọ́n, ó ń dúró de ọjọ́ tí mo máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ dé gongo kó tó fà á yọ." Wọ́n tún wo àwòrán náà. "Èmi sì ti fi di kóòtù. Bó bá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi, mi ò ní dárí ji ara mi. Ó wá yàn pé kí n máa pe òun ní òpùrọ́."

Bàbá kékeré fi gíláàsì sí i. A gbé e kọ́ sórí ògiri, lókè tábìlì. Màmá mi ló ní kó ga bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí a má gbé e síbi tí ọwọ́ àwọn á tó, torí ọjọ́ tí bébà bá tán.

Bàbá Sítáàṣì wá gba aṣọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣẹ́ẹ̀tì wọn kan ṣì wà nínú omi.

"Ó kù díẹ̀, bàbá," ni màmá mi wí.

"Ṣé ọlọ́pàá tún dí ọ̀nà ni?" Ó ti bọ́ lẹ́nu wọn kí wọ́n tó rántí. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, ìyàwó mi."

Màmá mi ò bínú. "Wọ́n dí i," ni wọ́n wí. "Ẹlẹ́rìí wa ti dé." Wọ́n tọ́ka sí ògiri.

Bàbá Sítáàṣì bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n sún mọ́ ògiri. Wọ́n wo ọlọ́pàá. Wọ́n wo ojú bàbá mi. Wọ́n wá wo gáùn náà, bó ṣe dúró gbọnrangandan lórí háńgà láàárín èrò àti oòrùn, tí kò rún níbì kankan.

"Sítáàṣì èyí tó," ni wọ́n wí.